Ọ̀rọ̀ Ẹran Ọ̀sìn Tó Sorí Kọ́ àti Ìfẹ́ Tí A Kò Tíì Sọ

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ọmọ Àwórì, ọmọ Ògúnfúnminíre, tí baba ńlá yín ti tẹ ilẹ̀ yìí dó kí ẹ̀rọ kankan tó dún níbẹ̀, àti ẹ̀yin àlejò tí iṣẹ́ oòjọ́ kó wá láti Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá, láti Èkìtì àti Ìgbómìnà, títí dé òkè odò Ọya lọ́hùn-ún, mo kí yín láti ilé iṣẹ́ rédíò wa yìí ní Àgídìngbì.

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo gbé wá lónìí, ẹni tí ó bá sì gbọ́ orúkọ wọn pọ̀ lè rò pé wọn kò bá ara wọn tan rárá. Èkíní ni ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn kékeré inú ilé, ehoro, ológbò, ọmọ ajá, ẹyẹlé àti odídẹrẹ́, tí ó káàárẹ̀, tí ó sorí kọ́, tí kò fi ẹnu kan oúnjẹ mọ́. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ̀ fà sí ẹnì kan, tí oorun kò kùn ún mọ́ nítorí onítọ̀hún, ṣùgbọ́n tí kò rí ẹnu sọ ọ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń wọlé tọ̀ wá wá nínú lẹ́tà àti lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, ohun tí mo sì ṣàkíyèsí nínú wọn, tí ó ń dùn mí, ni pé àwọn ènìyàn a máa kánjú níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti fẹ̀sọ̀ ṣe, wọn a sì máa fẹ̀sọ̀ ṣe níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti sáré. Ọ̀dọ́ tí ó rí wúńdíá kan nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lánàá fẹ́ kí n fún òun ní gbólóhùn tí òun yóò sọ lálẹ́ òní; ìyá tí ehoro ọmọ rẹ̀ kò jẹ koríko láti ìjẹta ń béèrè bóyá òun lè dúró di ìparí ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ṣe pé agbára bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi ni, ǹ bá gba ìkánjú lọ́wọ́ èkíní, ǹ bá sì gbé e fún èkejì.

N kò bá ẹni tí ó béèrè wí. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àwọn baba wa kì í sì í dá ọ̀ràn rò: wọn a gbé e tọ babaláwo lọ, wọn a gbé e tọ baálé lọ, ìyá àgbà a sì máa gbọ́ èyí tí ẹnu kò lè sọ fún ọkùnrin. Nígbà tí ìwé ìròyìn dé, ìbéèrè náà gba inú rẹ̀ kọjá. Ní ọdún 1929, Isaac B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà arúgbó obìnrin kan jáde lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, obìnrin tí ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn, tí ó sì ń ka gbogbo ohun tí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ìgbà èwe fi ojú rẹ̀ rí fún ará Èkó gbọ́. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé sí olóòtú, wọ́n bá a kẹ́dùn, wọ́n gbàdúrà fún un, bẹ́ẹ̀ Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà náà. Ní ìgbà tí ó tẹ̀ lé e, ìwé ìròyìn Drum, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní 1951 kí ó tó tàn dé ọ̀dọ̀ wa, ní ojú ìwé kan tí ó ń jẹ́ Dear Dolly, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kó ìṣòro ìfẹ́ wọn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé Dolly kì í ṣe obìnrin kan ṣoṣo, pé àwọn akọ̀ròyìn, tí ọkùnrin pọ̀ nínú wọn, ni wọ́n ń dáhùn ní orúkọ rẹ̀. N kò sọ èyí láti bu àwọn àgbà akọ̀wé wọ̀nyẹn kù, nítorí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn wọn dára. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ibi tí agbára ohùn tí a kò rí olóhùn rẹ̀ mọ. Ohùn mi dé yàrá yín, ọwọ́ mi kò lè dé ikùn ehoro yín kí n fi mọ̀ bóyá ó le tàbí ó rọ̀. N kò sì rí ojú ọmọbìnrin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ẹran ṣáájú, nítorí òun ni kò lè dúró.

Ehoro ẹlẹ́tí gbọọrọ, asáré-tete, ẹran tí ẹyẹ òkè àti ẹranko ilẹ̀ jọ ń lépa, wà lára àwọn ẹran tí ó ń fi àìsàn pamọ́ jù lọ nínú gbogbo ohun tí ọmọ yín lè máa sìn. Nínú igbó, èyí tí ó bá fi hàn pé ara òun kò dá ni àwòdì kọ́kọ́ ń gbé, nítorí náà ni Ẹlẹ́dàá ṣe dá a mọ́ ọn pé kí ó máa ṣe ara rẹ̀ ní alágbára títí agbára yóò fi tán pátápátá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹyẹ. Ọjọ́ tí ẹ rí i tí ó kákò sí igun àgò rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ṣú, tí kò yíjú sí yín mọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí kò lè fi í pamọ́ mọ́ ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yé kò tún ní sọ pé kí a wò ó di ọ̀la.

Ìfun ehoro kì í sinmi. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ máa rìn nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kò sì lè bì bí ajá tàbí ènìyàn ṣe ń bì. Bí kò bá jẹun fún wákàtí méjìlá, tí ìgbẹ́ rẹ̀ tí ó máa ń rí roboto kéré sí i tàbí tí ó dá pátápátá, afẹ́fẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú rẹ̀. Ìrora kò ní jẹ́ kí ó jẹun, àìjẹun yóò sì tún sọ ìrora di púpọ̀, títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi pa á. Ohun tí ó sábà ń fa èyí ni pé koríko tí ó ń jẹ kò tó. Eyín ehoro kò dẹ́kun àtidàgbà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, koríko ni ó sì ń bá a rín in kù. Ẹni tí ó bá fi oúnjẹ rírọ̀ nìkan bọ́ ọ yóò rí i pé eyín náà gùn títí yóò fi máa gún un lẹ́nu. Búrẹ́dì Agége, tí òkìkí rẹ̀ kàn ju Èkó lọ, dùn lẹ́nu gbogbo wa, àwọn ọmọ a sì máa fi ìfẹ́ bu tiwọn fún ehoro, ṣùgbọ́n yóò wú nínú ìfun rẹ̀, yóò sì bà á nínú jẹ́. Ewé píà ń pa ehoro, ó sì ń pa ẹyẹ. Ewé gbágùúdá tútù ní májèlé nínú. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run: ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí kan ẹran ilé pẹ̀lú. Ewé ọ̀dùnkún àti koríko tí a kò fín oògùn sí, pẹ̀lú omi tí ó mọ́, ni kí ẹ fi bọ́ ọ.

Ooru tún wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú ilé páànù lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ wa wọ̀nyí mọ bí ọ̀sán oṣù kejì àti ìkẹta ọdún ṣe rí. Ehoro kò lè làágùn bí ènìyàn. Etí rẹ̀ tí ó gùn ni ó fi ń lé ooru jáde, bí ooru àyíká bá sì ti ju ọgbọ̀n lọ lórí ìwọ̀n Celsius, etí náà kò tó mọ́. Bí ẹ bá bá a tí ó nà gbalaja, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ gbé e sí abẹ́ òjìji, ẹ fi aṣọ tí a fi omi tútù rẹ pa etí rẹ̀, ẹ má rì í sínú omi, kí ẹ sì gbéra lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Bí ehoro tí ó jí tayọ̀tayọ̀ bá kú lójijì, tí òmíràn tún kú tẹ̀ lé e, ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ inú ilé: àrùn ehoro kan tí ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn nínú ara wọn ti wọ orílẹ̀-èdè wa láti ọdún 2020, ẹ̀ka ìtọ́jú ẹranko ní Ilé Iṣẹ́ Ọ̀gbìn ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláúsá ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́.

Ti ẹyẹ kò gùn. Odídẹrẹ́ tí ó wú ìyẹ́ rẹ̀, tí ó kúrò lórí igi tí ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àgò, tí ìrù rẹ̀ ń gbọ̀n bí ó ti ń mí, ti sọ gbogbo ohun tí ó lè sọ, aláròyé ni ìbáà jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ tí òun náà sì ń wúkọ́ tàbí tí ibà mú gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà tirẹ̀ pé ẹyẹ wà nílé. Adìẹ àti ẹyẹlé tí ọrùn wọn yí, tí ìgbẹ́ wọn di omi àwọ̀ ewé, lùkúlùkú ni ẹ ó kọ́kọ́ fura sí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ilé ìwádìí tí ó wà ní Vom lẹ́bàá Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe é nílẹ̀ wa níbí, kò sì wọ́n.

Lẹ́tà kan wà tí ó kó ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, n kò ní dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ tàbí ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́bìnrin ni. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n jọ ń wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, tí kò tíì sọ gbólóhùn ìfẹ́ kan fún un rí, ra ọmọ ajá fún un lẹ́bàá títì, lọ́wọ́ àwọn tí ń nà án sókè fún àwọn onímọ́tò; ọkàn ọmọbìnrin náà sì ti fà sí i kí ajá tó dé. Ní ọjọ́ kẹrin ọmọ ajá náà dùbúlẹ̀, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí òórùn rẹ̀ kò ṣeé gbà sí imú. Ọmọbìnrin náà kọ̀wé pé òun kò fẹ́ kí ọkùnrin náà gbọ́, kí ó má baà rò pé òun kò mọ ẹ̀bùn tọ́jú. Ó sì ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí òun ti fi ohun tí ó wà lọ́kàn òun hàn án kí ajá tó kú, tàbí kí òun dúró di ìgbà tí ó bá kú tán.

Mo dá a lóhùn pé kí ó gbé ajá lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ní wákàtí náà gan-an, kí ó sì ti ojú ọ̀nà pe ọ̀dọ́kùnrin náà, nítorí òun ni ó lè sọ ibi tí ó ti rà á, ọjọ́ orí tí wọ́n pè é fún un, àti bóyá wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ kankan. Mo sọ fún un pé àmì tí ó kà sílẹ̀ jọ ti àrùn tí wọ́n ń pè ní parvo, àrùn tí àwọn dókítà kò mọ̀ nínú ajá títí di nǹkan bí ọdún 1978 tí ó tàn ká ayé, tí ó sì máa ń gba ọjọ́ mẹ́ta sí méje kí ó tó yọ lẹ́yìn tí ó bá ti wọ inú ara. Nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ọmọ ajá náà ti gbé e wá láti ẹ̀bá títì. Kò sí oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn náà, ṣùgbọ́n bí dókítà bá tètè fi omi sí i lára, tí ó dá èébì dúró, tí ó sì dènà àwọn àrùn mìíràn, ọ̀pọ̀ ń là á já. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ lè má rí ọjọ́ kẹta. Mo fi kún un pé ọkùnrin tí ó bá bínú sí obìnrin nítorí pé ẹran ṣàìsàn ti fi ìwà rẹ̀ hàn kí ó tó di ọkọ ẹni, ẹni tí ó bá sì gbé ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílé dókítà ti sọ ohun kan tí lẹ́tà kò lè sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọmọ ajá, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n: ó yẹ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ẹ sì máa tún un gún títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Bí parvo bá ti pa ajá kan nínú àgbàlá yín, ẹ fi omi jíìkì fọ ibẹ̀ dáradára kí ẹ tó mú òmíràn wá, nítorí kòkòrò náà lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí èyí tí ó kàn, nítorí inú rere ni ó ń fà á, ó sì ń pa ẹran púpọ̀. Bí ológbò bá káàárẹ̀, ẹ má ṣe fún un ní pánádòlù. Ara ológbò kò ní ohun tí ara wa fi ń tú oògùn náà. Hóró kan ṣoṣo lè sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di aláìwúlò, kí èrìgì rẹ̀ di àwọ̀ ilẹ̀, kí ó sì kú. Bí ẹ bá ń lo ọ̀tàpíàpíà sí eku àti aáyán nínú ilé, ẹ mọ̀ pé ológìnní, ọdẹ inú ilé, lè kó májèlé náà láti ara eku tí ó pa. Bí ó bá ń da itọ́, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ gbé ìgò oògùn náà dání lọ fún dókítà kí ó lè mọ ohun tí ó ń bá jà. Àti kòkó, tí ó sọ ilẹ̀ Yorùbá di ọlọ́rọ̀, tí ilé iṣẹ́ Cadbury níhìn-ín ní Àgídìngbì sì ń lò fún ohun mímu tí a fi tọ́ àwọn ọmọ wa dàgbà: ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ara ajá kò lè tú dànù kíákíá, tí í mú ọkàn rẹ̀ sáré, tí ó sì lè pa á. Ẹ gbé agolo yín sókè.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni ajá tí ó dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ajá tí digbòlugi mú gbọ́dọ̀ máa sá kiri, kí ó máa gé ohun gbogbo jẹ. Irú kan wà tí kì í sá rárá. A máa wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí ibi òkùnkùn lọ, àgbọ̀n rẹ̀ a já wálẹ̀, itọ́ a máa dà lẹ́nu rẹ̀, kò ní lè gbé omi mì, onílé a sì rò pé eegun há a lọ́fun, a ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ láti yọ ọ́. Nípa bẹ́ẹ̀ ni aláàánú ṣe ń kú. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ẹnu ajá bẹ́ẹ̀. Bí ajá tàbí ológbò bá gé yín jẹ, tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan ojú ọgbẹ́ yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Láti ìgbà tí Louis Pasteur ti fi gba ọmọdékùnrin kan là ní Faransé ní ọdún 1885 ni ọ̀nà yìí ti wà, ṣùgbọ́n bí àmì àrùn náà bá ti yọ lára ènìyàn, ọwọ́ dókítà kò ká a mọ́. Àdúgbò wa yìí kò jìnnà sí i rárá: ìbátan digbòlugi kan wà tí gbogbo ayé fi orúkọ ìlú wa pè, Lagos bat virus, nítorí pé lára àdán ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n ti rí i ní 1956.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ má wulẹ̀ sọ pé ara rẹ̀ kò yá. Ẹ sọ ìgbà tí ó jẹun gbẹ̀yìn àti ohun tí ó jẹ. Ẹ sọ bí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀ ti rí, ẹ tilẹ̀ bu díẹ̀ dání. Ẹ sọ oògùn tí ẹ ti fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àgbo, kí ẹ má tijú. Dókítà ẹranko ni mo wí, ẹni tí Àjọ Veterinary Council of Nigeria forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ń ta oògùn adìẹ lọ́jà tí ó mọ abẹ́rẹ́ fà. Ẹnìkan yóò ní owó ìtọ́jú náà ju owó tí a fi ra ẹran lọ. Òótọ́ ni nígbà mìíràn. Ẹ sọ iye tí ẹ ní fún dókítà lójúkojú, kí ó sọ ohun tí iye náà lè ṣe. Ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì tún wà ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta. Ohun tí n kò fara mọ́ ni pé kí a fi ẹ̀dá tí ó gbẹ́kẹ̀ lé wa sílẹ̀ kí ó máa jẹ̀rora nínú àgò, kí a sì sọ fún ọmọ pé Ọlọ́run ni ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ehoro ń fi àìsàn pamọ́ nítorí ẹ̀rù. Ọmọ ènìyàn ń fi ìfẹ́ pamọ́ nítorí ìtìjú, n kò sì rí ẹ̀bi kan nínú ìtìjú yìí, nítorí pé ọmọlúwàbí ni ojú í tì. Láyé àtijọ́, ìfẹ́ kò ní láti la ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìdílé a máa fojú sóde. Alárinà a wádìí ìwà àti ìran, a gbé ọ̀rọ̀ lọ, a gbé èsì bọ̀, bí wọ́n bá sì kọ̀, kò sí ẹni tí ojú yóò tì lójú ọjà. Àwọn Ìjẹ̀bú tilẹ̀ ní àrokò tí ó dá lórí èyí: owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ránṣẹ́ ti tó láti sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, owó ẹyọ mẹ́jọ tí ó bá ti ọ̀hún padà wá sì túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ wa jọra. Lẹ́yìn gbogbo èyí, wọn a ṣì dúró de ìjọ́hẹn, ọjọ́ tí ọmọbìnrin yóò fi ẹnu ara rẹ̀ gbà.

Lóde òní, alárinà ti wọ́n ní àyíká wa. Ọmọ Èkìtì wà nídìí ẹ̀rọ, ọmọ Ìbàdàn wà níbi tí wọ́n ti ń di ọjà sínú páálí. Bàbá ti èkíní wà ní Ìkọ̀lé, ìyá ti èkejì wà ní Ọjà-Ọba. Ọkọ̀ kan náà ni ó ń gbé wọn gba Ọ̀nà Ọba Akran kọjá láàárọ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ ilé àwọn méjèèjì. Ọ̀dọ́ náà di alárinà ara rẹ̀, iṣẹ́ tí ó le ni. Ìmọ̀ràn tí mo ní fún un ni pé kí ó fi ara balẹ̀ ṣe ohun tí alárinà ìbá ṣe: kí ó ya ohun tí ó fi ojú rẹ̀ rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọkàn rẹ̀ fi kún un. Onítọ̀hún rẹ́rìn-ín sí ọ; ṣé kò rẹ́rìn-ín sí awakọ̀ pẹ̀lú? Ó béèrè àlàáfíà rẹ. Ṣé kì í ṣe bí wọ́n ti tọ́ ọ nìyẹn? Kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n bí ènìyàn, mọ ohun tí ó ń pa á lẹ́rìn-ín àti ohun tí ó ń bí i nínú, mọ̀ bóyá ó ti ní ẹni tí ó ń bá lọ. Oṣù kan kò pọ̀ jù fún èyí, oṣù mẹ́ta pàápàá kò pọ̀ jù, nítorí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ni í nini lára. Ìfẹ́ tí kò lè dúró fún oṣù kan, ìfẹ́ kọ́ ni.

Nígbà tí ó bá wá tó àkókò, sọ ọ́ ní ọ̀sán gangan, ní gbólóhùn kan tàbí méjì, níbi tí ẹni náà ti lè dìde lọ bí ó bá fẹ́, kì í ṣe nínú ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́, kì í sì í ṣe nípasẹ̀ ọ̀rẹ́ tí yóò máa pariwo orúkọ rẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Àìlèsọ̀rọ̀ ni ìpìlẹ̀ orí burúkú. Èyí kan obìnrin bí ó ti kan ọkùnrin, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin tí ń kọ̀wé sí mi mọ̀ pé kò sí èèwọ̀ kankan nínú kí obìnrin fi ọ̀wọ̀ sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí èsì bá jẹ́ rárá, rárá náà ni. Kí ọkùnrin má sọ pé obìnrin tí ó kọ̀ ń ṣojú ayé ni, kí ó má tẹ̀ lé e dé ilé, kí ó má rà á ní ẹ̀bùn láti fi dè é. Ẹni tí ó dákẹ́ pàápàá kò tíì gbà. Ọ̀gá tí ó lè lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ka ẹ̀rín òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí ìfẹ́, olùkọ́ kò sì ní ìpín kankan nínú ọkàn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí ń kiri gbọ́tèmi fún yín, tí wọ́n ní kí ẹ bù ú sínú oúnjẹ ẹni tí ẹ fẹ́ràn, oníjìbìtì ni wọ́n, ẹni tí ó bá sì bù ú sínú oúnjẹ ẹlòmíràn ti hùwà ọ̀daràn.

Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti di ọ̀rọ̀ òní. Bí ọ̀dọ́ kan bá ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sùn, tí kò jẹun dáadáa, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ikú yá ju kí òun máa rí onítọ̀hún pẹ̀lú ẹlòmíràn lọ, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé yóò gbàgbé. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ nínú yàrá. Ilé ìwòsàn LASUTH kò jìnnà sí wa ní Ìkẹjà, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ti Yábàá sì ti ń tọ́jú ènìyàn láti ọdún 1907. Àìsàn tí a lè tọ́jú ni, kì í ṣe wèrè, kò sì yẹ kí ó kó ìtìjú bá ìdílé kankan.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ̀wé sí wa ní àgbà nílé. Wọ́n ń kọ̀wé sí àjèjì nítorí pé ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹnìkan fi wọ́n ṣẹ̀sín, ó ní ehoro lásán ni, ó ní ọmọdé kí ni ó mọ̀ nípa ìfẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọmọ yín bá tọ̀ yín wá lálẹ́ òní pẹ̀lú èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ méjì yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa rédíò, kí ẹ gbọ́ tirẹ̀ tán.